Iná Gáàsì Nítòsí Pákó: Ẹ̀kọ́ fún Gbogbo Wa Tí A Ń Dáná Nínú Yàrá

Ó jẹ́ àṣà wa láti máa ya ojú ewé díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa fún ẹ̀kọ́ tí ó lè wúlò fún ìgbé ayé wa ní ìta kíláàsì. Ẹ̀kọ́ ti ọ̀tẹ̀ yìí dá lórí iná gáàsì àti àwọn ohun tí a fi ń kọ́lé tàbí tí a fi ń tún inú ilé ṣe, tí ó sì lè jóná: pákó, pílíwúùdù, àjà oníke, kọ́tìnì àti fóòmù tí a ń sùn lé.

Ìdí tí a fi yan ẹ̀kọ́ yìí kò ṣòro láti rí. Púpọ̀ nínú wa ni kò rí àyè sí ilé gbígbé inú ọgbà. Ìta ni a ti yá yàrá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí, yàrá kan ṣoṣo ni onílé fi pílíwúùdù là sí méjì kí ó lè gba owó lọ́wọ́ ènìyàn méjì. Inú yàrá náà ni a ń sùn, ibẹ̀ ni a ti ń kàwé, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń dáná. Ní Jos tí a wà yìí, òtútù tún wá fi kún un. Orí òkè ni ìlú náà wà. Ó fi nǹkan bí mítà 1,200 ga ju ojú òkun lọ. Bí ọyẹ́ bá dé ní oṣù Ọ̀pẹ àti oṣù Ṣẹ́rẹ́, ẹni tí ó ti Abẹ́òkúta tàbí Ìlọrin wá kì í pẹ́ kí ó tó ti fèrèsé pa, kí ó tan sítóòfù, kí ó sì na ọwọ́ sí i. Báyìí ni sítóòfù ìdáná ṣe di iná ìyáná nínú yàrá tí pákó yí ká.

Ohun kan ni a fẹ́ kí ẹni tí ó bá ka ẹ̀kọ́ yìí fi sọ́kàn: iná kò ní láti fara kan pákó kí pákó tó gbiná. Ooru nìkan tó o. Àlàfo tí ó wà láàrin iná àti pákó ni ó ń dáàbò bo ilé. Gbogbo ohun tí a óò sọ ní ìsàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ yìí ni ó dúró lé.

ỌGBỌ́N ILÉ ÌDÁNÁ ÀTIJỌ́

Àwọn bàbá ńlá wa kò ka ìwé físíìsì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí ó yẹ kí iná wà. Amọ̀ ni ògiri ilé wọn, koríko tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n sì fi ń bo òrùlé. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀ta iná kan ṣoṣo lè sọ agbo ilé di eérú. Nítorí náà, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sábà máa ń kọ́ ilé ìdáná sí. Orí ilẹ̀ ni ààrò jókòó lé, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, afẹ́fẹ́ sì ń wọlé, ó ń jáde.

Bí a bá wò ó dáadáa, a óò rí i pé òfin mẹ́ta ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Èkíní, iná jìnnà sí ohun tí ó lè jó. Èkejì, iná jókòó lórí ohun tí kò lè jó. Ẹ̀kẹta, èéfín ní ọ̀nà àbájáde. Òwe wọn pàápàá sọ pé ẹnìkan kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwa tí a ń dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti gbàgbé òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ìdí tí wọ́n fi jẹ́ òfin.

BÍ OORU ṢE Ń DÉ ARA PÁKÓ

Ọ̀nà mẹ́ta ni ooru ń gbà rìn. Ọ̀nà kìíní ni ìfarakàn. Bí a bá ki ṣíbí onírin bọ inú ọbẹ̀ gbígbóná, kò ní pẹ́ tí ìdí ṣíbí tí ó wà lọ́wọ́ wa yóò fi máa jó wa, bẹ́ẹ̀ ni ìdí náà kò sí nínú ọbẹ̀. Ọ̀nà kejì ni afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ń gòkè. Ẹni tí ó bá na ọwọ́ sí òkè àtùpà mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí àjà ilé fi ń gba ooru ju ògiri lọ. Ọ̀nà kẹta ni ìtànṣán, irú èyí tí ń jó wa lójú nígbà tí wọ́n bá ń sun igbó, tí a sì dúró sí ọ̀nà jíjìn. Afẹ́fẹ́ tí ó wà láàrin wa lè tutù, síbẹ̀ ooru yóò fò ó kọjá.

Ní ti pákó fúnra rẹ̀, ooru ní láti kọ́kọ́ sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di èéfín tí ó lè gbiná. Èéfín yìí ni ó máa ń jó tí a fi ń rí ọwọ́ iná. Bí ooru ara pákó bá ti kọjá 200°C, èéfín yìí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Bí ó bá sún mọ́ 300°C, ọwọ́ iná kékeré kan ti tó láti mú un. Ooru ọwọ́ iná gáàsì sì lè tó 1,900°C. Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé iná tí a fi ń se indomi gbóná ju èyí tí pákó nílò lọ púpọ̀púpọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó jẹ́ àdììtú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ti ooru kékeré tí ó ń pẹ́ lára pákó. Bí pákó bá ń gbóná lójoojúmọ́ fún oṣù púpọ̀, omi inú rẹ̀ yóò gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ yóò di pupa rúsúrúsú, lẹ́yìn náà yóò máa dúdú lọ bí èédú. Pákó tí ó ti ń di èédú kò dúró de ooru tí pákó tútù ń dúró dè. Ìwọ̀nba ooru díẹ̀ lè mú un gbiná. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ nípa iná ní Amẹ́ríkà kò fi fẹ́ kí pákó tí ó wà nítòsí iná ilé máa gbóná ju nǹkan bí 77°C lọ. Ẹ rántí pé omi tí ń hó jẹ́ 100°C. Ooru tí kò tó ti omi híhó ni wọ́n ń sá fún!

Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé, “Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti gbé sítóòfù mi síbẹ̀, kò sì sí ohun tí ó ṣe,” kò tíì sọ nǹkan kan. Pákó ọdún kejì kì í ṣe pákó ọdún kìíní mọ́. Bí àmì pupa rúsúrúsú bá ti wà lára pílíwúùdù lẹ́yìn sítóòfù yín, ilé ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ìdánwò kan wà tí gbogbo wa lè ṣe. Kí a dáná bí a ti ń dá a, kí ó tó ìdajì wákàtí. Kí a wá fi àtẹ́lẹwọ́ lé pákó tí ó sún mọ́ iná jù lọ. Bí ọwọ́ kò bá lè dúró síbẹ̀, pákó náà ti sún mọ́ iná jù. Kí a má ṣe jiyàn. Kí a sún sítóòfù.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI ILẸ̀ ÒTÚTÙ

Ẹnìkan lè bi wá pé: àwọn òyìnbó ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ni ó jẹ́ pé pákó ni egungun wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, síbẹ̀ wọ́n ń fi iná gáàsì sínú ògiri pálọ̀ láti máa yá a nígbà òtútù. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ìdáhùn náà ni pé òfin mẹ́ta àtijọ́ náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Àpótí onírin ni iná wọn ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe àpótí náà ti dán an wò kí ó tó tà á, ó sì kọ iye àlàfo tí ó gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀yìn, ní ẹ̀gbẹ́ àti ní òkè rẹ̀ sínú ìwé tí ó bá a wá. Wọ́n máa ń ṣe ìrin tí ó yọ síta sí ara àpótí náà kí pákó má baà lè sún mọ́ ọn ju bí ó ti yẹ lọ. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ gé irin yìí kúrò, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ mú ìwé àpótí kan kí ó fi gbé òmíràn sílé. Ibi tí ooru bá pọ̀ sí ní ojú ògiri, pátákó sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń lò dípò pákó. Ní ti èéfín, irú èyí tí ó dára jù nínú wọn ní gíláàsì níwájú tí ó dì pa, ó sì ní páìpù méjì tí ọ̀kan wà nínú èkejì. Páìpù inú ń gbé èéfín jáde síta, ti òde sì ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé fún iná. Afẹ́fẹ́ tí àwọn ará ilé ń mí kò bá ti iná pàdé rárá.

Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀kan wà tí ó yẹ kí á dúró lé lórí, nítorí ó lè wúlò fún wa níhìn-ín. Ilé iṣẹ́ tí ń ṣètò òfin ìdáàbòbò lọ́wọ́ iná ní Amẹ́ríkà, tí a mọ̀ sí NFPA, ṣe òfin kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 211 lórí ààrò onírin tí wọ́n fi ń jó igi nínú ilé. Òfin náà sọ pé ààrò tí a kò bá tíì dán wò gbọ́dọ̀ fi ínṣì 36 jìnnà sí ògiri pákó. Bí a bá mọ bíríkì tí ó nípọn ní ínṣì mẹ́ta ààbọ̀ síwájú ògiri náà láìsí àlàfo lẹ́yìn rẹ̀, a lè sún un dé ínṣì 24. Ṣùgbọ́n bí a bá fi irin pẹlẹbẹ lásán síwájú ògiri, tí a sì fi àlàfo ínṣì kan sílẹ̀ láàrin irin àti pákó kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá, a lè sún un dé ínṣì 12!

Ẹ wò ó dáadáa. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ní àlàfo lẹ́yìn borí bíríkì tí ó nípọn. Kí ni ìdí rẹ̀? Bíríkì tí ó lẹ̀ mọ́ pákó ń gba ooru díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fi í lé pákó lọ́wọ́ nípa ìfarakàn. Irin tí ó ní àlàfo ń dá ìtànṣán padà síwájú, èyí tí ó bá sì gbà ni afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ń kó lọ sókè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kan páànù mọ́ ara pílíwúùdù pátápátá, tí ó wá rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, ẹ̀tàn ni. Ooru ń gba ara páànù kọjá sí pákó, páànù náà kò sì ní jẹ́ kí ó rí i nígbà tí pákó bá ń dúdú.

Iye ínṣì wọ̀nyí jẹ́ ti ààrò igi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé wọn lé sítóòfù tàbí iná mìíràn lórí bí ó ti wà. Ìlànà inú rẹ̀ ni a fẹ́ mú: àlàfo, ohun tí kò lè jó, àti afẹ́fẹ́ tí ń rìn.

ÌWÀ GÁÀSÌ INÚ SÍLÍŃDÀ

Igi kì í jò, ṣùgbọ́n gáàsì ń jò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń lo gáàsì ní ẹrù kan ju ẹni tí ó ń lo igi lọ.

Àdàpọ̀ propane àti butane ni gáàsì tí a ń rà. Omi ni ó jẹ́ nínú sílíńdà, nítorí pé a fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Bí ó bá jáde, lítà kan omi yìí yóò di nǹkan bí 250 lítà gáàsì. Gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ: propane wúwo tó ìlọ́po kan ààbọ̀ afẹ́fẹ́, butane sì tó ìlọ́po méjì. Nítorí náà kì í fò gba fèrèsé jáde bí èéfín. Ilẹ̀ ni ó ń rá lọ bí omi, a sì máa kóra jọ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sínú kọ́bọ́ọ̀dù àti sí igun yàrá. Bí ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá ti di gáàsì, ẹ̀ta kékeré kan lè mú un gbiná. Òórùn burúkú tí a ń gbọ́ kì í ṣe ti gáàsì fúnra rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sí i ni kí imú wa lè jẹ́ ọlọ́dẹ.

Nǹkan kékeré ni ó sábà máa ń fa jíjò. Ní ọjọ́ 16 oṣù Èbìbí ọdún 1968, ní ìlà-oòrùn London, obìnrin kan ṣá ìṣáná ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí ó lè fi omi tíì kaná. Àjà kejìdínlógún ilé alájà méjìlélógún kan tí wọ́n ń pè ní Ronan Point ni ó ń gbé. Gáàsì ti jò sínú ilé láìmọ̀. Ìbúgbàù náà ti ògiri jáde, igun ilé náà sì wó lulẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin kú. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé nọ́ọ̀tì idẹ kan tí ó so páìpù gáàsì mọ́ sítóòfù, tí kò péye, ni ó fọ́. Obìnrin náà yè. Lára àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni ó kú. Ẹ jẹ́ kí á fi gbólóhùn yìí sọ́kàn. A óò padà sórí rẹ̀.

BÍ A ṢE LÈ TÒ Ó NÍNÚ YÀRÁ WA

Bí ó bá ṣeé ṣe, kí á dáná ní ìta tàbí ní ibùdáná tí gbogbo ilé jọ ń lò. Bí kò bá ṣeé ṣe rárá, àwọn ìlànà wọ̀nyí ni kí á tẹ̀ lé:

1. Kí sítóòfù má ṣe wà láàrin wa àti ẹnu ọ̀nà. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, ìlẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn wa, kí iná wà níwájú. Ẹni tí ó bá gbé sítóòfù sí ẹnu ọ̀nà ti fi iná ti ara rẹ̀ mọ́lé.

2. Kí sítóòfù jókòó lórí ohun tí kò lè jó: ilẹ̀ onísìmẹ́ńtì, tábìlì onírin tàbí búlọ́ọ̀kù. Bí tábìlì onípákó nìkan ni a ní, kí ẹsẹ̀ sítóòfù gbé e sókè dáadáa, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

3. Kí á wo òkè. Òfin gáàsì ti Amẹ́ríkà ní kí ínṣì 30, èyí tí í ṣe nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 76, wà láàrin ojú sítóòfù àti pákó tàbí kọ́bọ́ọ̀dù tí ó bá wà lókè rẹ̀. Ìwọ̀n yẹn dára fún wa pẹ̀lú. Kí á má ṣe kan pákó ìkówèésí sí òkè sítóòfù. Àjà oníke pàápàá kì í fara da ooru; kí omi tó hó ni irú ike bẹ́ẹ̀ ti ń rọ̀, bí ó bá sì jó, èéfín rẹ̀ a máa ta ènìyàn lọ́fun.

4. Kí á fi sítóòfù jìnnà sí ògiri pílíwúùdù bí yàrá bá ti lè gbà á tó. Ìwé tí ó bá sítóòfù wá ni kí á kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn èyí, kí á fi ìdánwò àtẹ́lẹwọ́ ṣe ẹlẹ́rìí. Bí àyè bá há, kí á ta páànù síwájú ògiri, kí á fi gígé páìpù irin kéékèèké sí abẹ́ ìṣó kí àlàfo ínṣì kan lè wà lẹ́yìn páànù. Kí ìsàlẹ̀ àti òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kí á má ṣe kan ìṣó sí ọ̀gangan ibi tí ọwọ́ iná wà, nítorí ìṣó pàápàá a máa gbé ooru.

5. Kọ́tìnì, aṣọ tí a fi kọ́, ìwé àti fóòmù gbọ́dọ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn kò fi lè fẹ́ wọn débẹ̀. Fóòmù léwu jù nínú wọn. Ó yára jó, èéfín rẹ̀ sì ní oró tí ó lè dá ènìyàn dùbúlẹ̀ kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

6. Kí sílíńdà wà ní ìta bí a bá lè dáàbò bò ó níbẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti olè. Kí ó dúró lóòró nígbà gbogbo. Kí á má ṣe fi í sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ihò nísàlẹ̀, kí ó má sì sí ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

7. Rọ́bà tí a ń lò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gáàsì, kì í ṣe ti omi. Kí ó má ṣe gba ẹ̀yìn sítóòfù níbi tí ooru ti lè yan án, kí a má sì fi í pamọ́ sínú ògiri pákó. Kí kílíìpù di ìdí rẹ̀ mú ní ìhà méjèèjì. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, tí a sì rí i pé ó ti ń sán, kí á rà tuntun.

8. Nígbàkúùgbà tí a bá pààrọ̀ sílíńdà, kí á po ọṣẹ mọ́ omi, kí á fi í pa ìdí rẹgulétọ̀ àti ìhà méjèèjì rọ́bà. Ibi tí ó bá ń hó, ibẹ̀ ni ó ti ń jò. A kì í fi ìṣáná wá ibi tí gáàsì ti ń jò.

9. Bí a bá ń lọ sùn tàbí tí a ń jáde, kí á ti ẹnu sílíńdà. Títi ojú sítóòfù nìkan kò tó.

NÍGBÀ TÍ ỌYẸ́ BÁ DÉ

Ẹ̀yìn oúnjẹ alẹ́ ni ewu ọyẹ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a bá ní kí iná máa jó kí yàrá lè móoru. Iná ìyáná tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ní páìpù tí ń gbé èéfín rẹ̀ jáde. Sítóòfù wa kò ní. Ohun tí ó bá jó nínú yàrá, imú wa ni yóò gbà á.

Bí fèrèsé bá wà ní títì, tí iná sì ń jó fún ìgbà pípẹ́, afẹ́fẹ́ tí iná nílò yóò máa dín kù. Nígbà náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mú gáàsì olóró kan jáde tí à ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ó ń lẹ̀ mọ́ èròjà tí ń gbé ọ́síjìn kiri ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ sí bí ọ́síjìn fúnra rẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, a sì lè rò pé ibà ni. Bí oorun bá gbé ènìyàn lọ nínú rẹ̀, ó lè má jí mọ́. Ìkòkò èédú tí àwọn kan ń gbé wọ yàrá tilẹ̀ burú ju sítóòfù lọ. Ọwọ́ iná tí ó bá ń pọ́n dípò kí ó jẹ́ búlúù jẹ́ ìkìlọ̀, ṣùgbọ́n kí á má ṣe tìtorí pé iná wa jẹ́ búlúù kí á ti fèrèsé. Aṣọ òtútù àti kúbùsù ni kí á fi lé ọyẹ́.

Òtútù yìí kan náà ni ó ń mú kí gáàsì máa lọ́ra láti jáde. Butane kì í fẹ́ di gáàsì bí ara rẹ̀ bá ti ń sún mọ́ 0°C, bẹ́ẹ̀ ni sílíńdà fúnra rẹ̀ a máa tutù sí i bí a ti ń lò ó. Nígbà tí iná bá ń kú lọ báyìí, àwọn kan a dojú sílíńdà dé, àwọn mìíràn a gbé e sún mọ́ iná. Ẹni tí ó bá dojú rẹ̀ dé ti rán omi gáàsì sínú rọ́bà, ọwọ́ iná tí yóò sì yọ lè ga dé àjà. Ẹni tí ó gbé e sún mọ́ iná ń fi kún agbára inú sílíńdà láìmọ ibi tí yóò dúró sí. Kí á fi í sílẹ̀ lóòró kí ó gba afẹ́fẹ́. Bí kò bá jó dáadáa, kí á lọ kún un.

BÍ Ó BÁ ṢẸLẸ̀ Ń KỌ́?

Bí a bá gbọ́ òórùn gáàsì, kí á má ṣe tan iná mànàmáná, kí á má sì pa á, nítorí súwíìṣì a máa ta ẹ̀ta. Kí á má ṣe tẹ fóònù nínú yàrá náà. Kí á ti ẹnu sílíńdà, kí á ṣí ìlẹ̀kùn àti fèrèsé, kí á jáde, kí á sì pe àwọn tí ó wà ní yàrá kejì jáde pẹ̀lú.

Bí epo inú ìkòkò bá gbiná, a kò gbọ́dọ̀ da omi sí i. Kí á pa sítóòfù, kí á fi ìdérí dé ìkòkò, kí á má sì ṣí i títí yóò fi tutù. Bí iná bá ti mú pílíwúùdù tàbí àjà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti akọni. Kí á kígbe, kí á sá jáde, kí á fa ìlẹ̀kùn dé lẹ́yìn wa, kí á sì pe 112 láti ìta. Kò sí ìwé ẹ̀rí, kò sí kọ̀ǹpútà tí ó tó ẹ̀mí.

TA NI Ó WÀ LẸ́YÌN PÍLÍWÚÙDÙ?

A ṣèlérí pé a óò padà sórí ọ̀rọ̀ Ronan Point. Ẹni tí ó ṣá ìṣáná yè, àwọn mìíràn ni ó kú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni yàrá wa ṣe rí. Ọmọ ọlọ́mọ ń sùn ní ìhà kejì pílíwúùdù tí a gbé sítóòfù tì. Ó lè jẹ́ ọmọ Bírọ́ọ̀mù, ó lè jẹ́ ọmọ Íbò tàbí Tífì, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò mọ iye ínṣì tí a fi sílẹ̀. Kò mọ̀ bóyá a ti ẹnu sílíńdà kí á tó sùn. Ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, tiwa náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí àwọn tí ń gbé ilé kan náà jókòó papọ̀ kí ọyẹ́ tó wọlé. Kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ lọ bá onílé pé kí ó fún wọn ní àyè kékeré kan ní ẹ̀yìnkùlé, tí a fi búlọ́ọ̀kù mọ, tí a sì fi páànù bò, kí gbogbo ilé máa dáná níbẹ̀. Owó rẹ̀ kò lè tó owó àtúnkọ́ ilé kan. Bí onílé bá rí i pé ilé òun ni a ń dáàbò bò, yóò fetí sílẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Bí a bá sì padà sí ẹ̀yìnkùlé láti lọ dáná, ibi tí àwọn bàbá wa fi iná sí ni a padà sí.

ÌDÁNRAWÒ

1. Dárúkọ ọ̀nà mẹ́ta tí ooru ń gbà rìn, kí o sì sọ èyí tí ó ń dé ara àjà jù.
2. Kí ni ìdí tí páànù tí ó ní àlàfo lẹ́yìn fi dára ju páànù tí a kàn mọ́ ara pákó lọ?
3. Níbo ni gáàsì tí ó jò nínú yàrá ń kóra jọ sí, kí sì ni ìdí rẹ̀?
4. Wọn àlàfo tí ó wà ní òkè àti ní ẹ̀gbẹ́ sítóòfù inú yàrá rẹ lónìí. Kí ni ìwọ yóò sún kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú?